Ìlà Karùn-ún: Àwọn Júù Tó Di Ará Rọ́ṣíà Lẹ́yìn Tí Wọ́n Fi Ibẹ̀ Sílẹ̀

Mo júbà àgbà, mo júbà ọmọdé. Alága, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ pè mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹ kú ìfaradà ooru. Bí mo ṣe sọ ọ̀rọ̀ yìí níwájú ẹgbẹ́ òǹkàwé wa náà ni mo kọ ọ́ sílẹ̀ yìí. Ibi tí mo ti ń wá gíláàsì ojú mi nìkan ni mo yọ kúrò.

Àwọn Júù tó ti Soviet Union, ìjọba àpapọ̀ tí Rọ́ṣíà, Yukréènì àti àwọn ilẹ̀ mìíràn wà nínú rẹ̀ nígbà kan, jáde lọ sí ìlú mìíràn ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń sọ. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni wọ́n ń sọ ọ́, àmọ́ ẹ̀rín náà ní ìkorò nínú: "Lọ́hùn-ún, Júù ni wọ́n ń pè wá. Níbí, ará Rọ́ṣíà ni wọ́n ń pè wá."

Gbogbo ohun tí mo bá wá lónìí, àlàyé gbólóhùn méjì yìí ni. Ẹni kan náà ni, ojú rẹ̀ kò yí padà, orúkọ bàbá rẹ̀ kò yí padà. Júù ló jẹ́ nígbà tó wọ ọkọ̀ òfuurufú lálẹ́, nígbà tó máa fi sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ ó ti di ará Rọ́ṣíà. Ta ló pa á dà? Lójú tèmi, ìwé ìjọba àti ẹnu aládùúgbò ló pa á dà. Ohun tí òun alára mọ ara rẹ̀ sí kò sì wọ inú èyíkéyìí nínú orúkọ méjèèjì dáadáa, bí ẹni wọ bàtà ẹlẹ́sẹ̀ kékeré.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ ìwé náà wò. Ní 1932, ìjọba Soviet dá pásípọ́ọ̀tù abẹ́lé sílẹ̀. Kì í ṣe èyí tí èèyàn fi ń kọjá ẹnubodè o. Ìwé ìdánimọ̀ ni, òun lèèyàn fi ń gba ilé, òun ló fi ń gba iṣẹ́. Wọ́n máa ń kọ ẹ̀yà ẹni sínú rẹ̀: ará Rọ́ṣíà, ará Yukréènì, ará Jọ́jíà, Júù. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí. Ẹ̀yà ni Júù jẹ́ nínú ìwé yẹn, kì í ṣe ẹ̀sìn. Ìjọba tó ń kọ́ ọmọ iléèwé pé kò sí Ọlọ́run kò ní torí tirẹ̀ béèrè bóyá o ń lọ sí sínágọ́gù. Bí bàbá àti ìyá rẹ bá ti jẹ́ Júù, Júù ni wọ́n máa kọ fún ìwọ náà, ì báà jẹ́ pé o kò mọ ìgbà tí Àjọ Ìrékọjá bọ́ sí, ì báà jẹ́ pé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lo fi ń jẹ búrẹ́dì láràárọ̀. Ọmọ tí òbí rẹ̀ jẹ́ ẹ̀yà méjì nìkan ló lè mú ọ̀kan nígbà tó bá pé ọmọ ọdún 16. Ẹ ò ní béèrè lọ́wọ́ mi èwo ni ọ̀pọ̀ wọn mú.

Nínú fọ́ọ̀mù ìgbanisíṣẹ́, ìlà karùn-ún ni ìbéèrè nípa ẹ̀yà wà. Bí "ìlà karùn-ún" ṣe di àdàpè ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ìsọ̀rí mẹ́ta ni ìjọba pín àwọn abirùn tó ń gba owó ìrànwọ́ sí, ni àwọn Júù bá ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn ni "abirùn ìsọ̀rí karùn-ún". Àbùkù ara tí kò hàn lójú, tó sì ń dí ọ̀nà ẹni! Láwọn ọdún 1970 àti 1980, ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣirò ní Yunifásítì Ìjọba ní Moscow, wọ́n ní ìbéèrè pàtàkì kan tí wọ́n máa ń gbé síwájú ọmọ tí wọ́n bá fura pé Júù ni nígbà ìdánwò àfẹnusọ. Ìdáhùn rẹ̀ lè má ju ìlà mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n kò sí bí ọmọ iléèwé ṣe lè rí i láàárín ìṣẹ́jú tí wọ́n fún un. "Pósí" ni wọ́n ń pe irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ọmọ wọlé, wọ́n gbé pósí fún un, ó jáde.

Ilé la máa ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọ́fíìsì ìgbanisíṣẹ́ ni tiwọn ń wò. Bàbá àgbà tó ń jẹ́ Abram papò dà, wọ́n fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sọ ọmọ tuntun bí àṣà Júù ṣe rí, ni wọ́n bá sọ ọmọ ní Arkady. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ṣáà bára mu. Moisei di Mikhail. Kò kúkú bo àṣírí púpọ̀, nítorí orúkọ bàbá ń tẹ̀ lé orúkọ ẹni níbẹ̀, ọmọ Abram ò sì lè ṣe kó má jẹ́ Abramovich. Wọ́n ní òwe kan: ojú ni wọ́n ń gbá lẹ́ṣẹ̀ẹ́, kì í ṣe pásípọ́ọ̀tù.

Ohun tó wá gba ìrònú níbẹ̀ nìyí. Ìjọba tó ń kọ Júù sínú ìwé náà ló ń gba ohun tó ń jẹ́ Júù lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti iléèwé Hébérù pa, wọ́n sọ ọ̀pọ̀ sínágọ́gù di ilé ìkẹ́rùsí. Solomon Mikhoels, àgbà òṣèré tó ń darí ilé eré orí ìtàgé ní Moscow tó ń lo Yídíìṣì, èdè àbáláyé àwọn Júù ibẹ̀, pa á ni wọ́n pa á ní Minsk ní oṣù January 1948, wọ́n ní ọkọ̀ ló kọ lù ú. Nígbà ètò ìkànìyàn 1926, ó lé ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn Júù ibẹ̀ tó sọ pé Yídíìṣì ni èdè abínibí àwọn. Nígbà tó fi di 1989, kò ju nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́sàn-án lọ. Igbá wà níbẹ̀, omi inú rẹ̀ ti dà nù. Wọ́n wá bu omi mìíràn sí i: ìwé kíkà, ewì Pushkin, àgbà akéwì Rọ́ṣíà, tí wọ́n há sórí, ayò chess, fáólìnì, ìmọ̀ ìṣirò, àti ọ̀rọ̀ abẹ́nú tí wọ́n ń sọ nílé ìdáná lóru nígbà tí wọ́n bá ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa pariwo kí aládùúgbò má baà gbọ́. Ìyẹn náà jẹ́ ọ̀nà kan láti jẹ́ Júù. Àmọ́ ẹni tó bá ti Moscow jáde nìkan ló lè rí i bẹ́ẹ̀. Lójú ará ibòmíràn, àṣà Rọ́ṣíà ni gbogbo rẹ̀.

N kò ní pẹ́ lórí bí wọ́n ṣe jáde, torí ẹ̀yin náà ti gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá béèrè ìwé ìjáde máa ń pàdánù iṣẹ́ rẹ̀; ọ̀pọ̀ ni wọ́n kọ̀ fún, wọ́n jókòó fún ọdún márùn-ún, ọdún mẹ́wàá, kò ríṣẹ́, kò ríbi lọ. Ní 1972 ìjọba ní kí ẹni tó kàwé san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ padà kó tó lọ. Amẹ́ríkà fi òfin Jackson àti Vanik dá wọn lóhùn ní 1974, òfin tó so àǹfààní okòwò mọ́ jíjẹ́ kí èèyàn jáde. Natan Sharansky, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n kọ̀ fún, wẹ̀wọ̀n láti 1977 títí di February 1986, tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ lórí afárá Glienicke ní Berlin. Ilẹ̀kùn ń ṣí, ó ń tì. Ní 1979, nǹkan bí 51,000 ló jáde.

Ibi tó yẹ ká dúró sí díẹ̀ ni ibùdókọ̀ ojú irin ní Vienna. Físà Ísírẹ́lì ni gbogbo wọn mú jáde, torí òun ni ìjọba Soviet gbà. Bí wọ́n bá wá dé Vienna, wọ́n á bi wọ́n pé: Ísírẹ́lì ni àbí ibòmíràn? Nígbà tí àwọn ọdún 1970 fi máa parí, ibòmíràn ni ọ̀pọ̀ jù lọ ń sọ. Wọ́n á kó irú wọn lọ sí Ítálì, sí Ladispoli, ìlú kékeré kan létí òkun lẹ́bàá Róòmù, kí wọ́n lọ dúró de físà Amẹ́ríkà. Ẹ wo ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ tó ń ta kámẹ́rà Zenit àti ọmọlangidi onígi lọ́jà Róòmù kó lè rówó oúnjẹ. Kì í ṣe ará Soviet mọ́, wọ́n ti gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe ará Amẹ́ríkà, kò sì fẹ́ jẹ́ ará Ísírẹ́lì. Lóṣù mélòó kan yẹn, tó jọ pé ó bọ́ lọ́wọ́ orúkọ èyíkéyìí, mo máa ń rò pé ibẹ̀ gan-an ló ti jọ ara rẹ̀ jù.

Inú àwọn aláṣẹ Ísírẹ́lì kò dùn sí ìyẹn rárá. Èdè Hébérù ti sọ ojú ọ̀nà di òkè àti ilẹ̀: ẹni tó ń bọ̀ wá sí Ísírẹ́lì ń gòkè ni, aliyah, ẹni tó ń jáde ń sọ̀kalẹ̀ ni, yerida. Ní 1976, Yitzhak Rabin, olórí ìjọba nígbà náà, bú àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tó lọ gbé ìlú òkèèrè lórí tẹlifíṣọ̀n, ó fi wọ́n wé àjákù àwọn ọ̀lẹ. Àwa Yorùbá ńkọ́? Òkè òkun la ní à ń lọ. Ẹni tó fi ilé sílẹ̀ ló gòkè lójú tiwa! Ẹ ò rí i pé èdè ẹni ti dájọ́ kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílẹ̀.

Láàárín 1989 sí òpin ọ̀rúndún yẹn, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan èèyàn wọ Ísírẹ́lì. Ní 1990 nìkan, wọ́n lé ní 180,000, nílẹ̀ tí èèyàn ibẹ̀ kò tíì pé mílíọ̀nù márùn-ún. Oníṣẹ́ abẹ ń gbálẹ̀ títì. Àwọn onílé dá àpárá pé bí ará Rọ́ṣíà kan bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú tí kò gbé fáólìnì dání, ẹ má mikàn, dùùrù ni tirẹ̀ ń tẹ̀. "Àwọn ará Rọ́ṣíà" ni orúkọ tí wọ́n fún gbogbo wọn, àti ará Odesa ní Yukréènì, àti ará Tashkent ní Usibẹkisítàànì tí kò tẹ ilẹ̀ Rọ́ṣíà rí.

Ibẹ̀ ni ìwé tún ti pàdé wọn. Òfin Ìpadàbọ̀ ti 1950 ni wọ́n fi wọlé. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí i ní 1970 gba ọmọ Júù, ọmọ ọmọ Júù, àti aya tàbí ọkọ wọn láàyè. Àmọ́ òfin ìgbéyàwó wà lọ́wọ́ àwọn rábì, ọ̀dọ̀ ìyá ni àwọn rábì sì ti ń ka Júù. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Júù, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Yukréènì. Ní Kyiv, orúkọ bàbá rẹ̀ ló fi jẹ ìyà Júù: orúkọ yẹn ni wọ́n fi lù ú níléèwé, orúkọ yẹn ló tì í síta ní yunifásítì. Ó dé Ísírẹ́lì, ó wọ iṣẹ́ ológun, ó fẹ́ ṣègbéyàwó, wọ́n ní: ta ni ìyá rẹ? Lójú Yorùbá tó ń fi ilé bàbá dá ọmọ mọ̀, ó lè dà bí àwàdà, àmọ́ wọ́n lé ní 300,000 tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ìwé máa wà pé wọ́n jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà, síbẹ̀ wọn kò ní lè so yìgì nínú rẹ̀. Cyprus ni wọ́n ń wọkọ̀ lọ, Kípírù inú Bíbélì, ìlú Bánábà. Wọ́n á ṣègbéyàwó níwájú akọ̀wé ìjọba níbẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò létí òkun, wọ́n á padà sílé, ìjọba Ísírẹ́lì á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé tọkọtaya ni wọ́n.

Ìwé orúkọ ará ìlú ní Ísírẹ́lì pàápàá ní ibi tí wọ́n ń kọ ẹ̀yà sí. Júù wà níbẹ̀, Lárúbáwá wà níbẹ̀, Dúrúùsì tí wọ́n ní ẹ̀sìn tiwọn wà níbẹ̀. Àwọn kan lọ sílé ẹjọ́ pé kí wọ́n kọ "ọmọ Ísírẹ́lì" fún àwọn, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì dá wọn lóhùn ní 2013 pé kò ṣeé ṣe. Ẹni tó sá fún ìlà karùn-ún ní Moscow tún bá òmíràn pàdé ní Jerúsálẹ́mù. N kò ní ọ̀kan náà ni méjèèjì o. Wọn kì í fi tibẹ̀ gbé pósí ka ẹnikẹ́ni lórí nínú ìdánwò. Síbẹ̀, ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, okùn lásán á máa bà á lẹ́rù.

Oṣù December tún ń dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ìjọba Soviet ti fòfin de igi Kérésì, ó tún dá igi náà padà ní 1935, ó sọ ọ́ di igi Ọdún Tuntun, kò sí Jésù níbẹ̀, kò sí ẹ̀sìn kankan. Fún ìdílé Júù, àríyá tó dùn jù lọ́dún nìyẹn, torí òun nìkan ni kò béèrè ẹ̀yà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: sàláàdì ọ̀dùnkún, ẹja tí wọ́n fi bíìtì bò, ọsàn tánjaríìnì, ẹbí yí tábìlì ká. Wọ́n gbé igi náà dé Ísírẹ́lì. Àwọn aládùúgbò ní, háà, ẹ̀yin Kìrìsìtẹ́nì wọ̀nyí! Ó tó ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí àwọn ọmọ wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọ̀rẹ́ wọn wá jẹun ní gbangba lálẹ́ ọjọ́ náà, kí wọ́n sì máa ṣàlàyé.

Jámánì ni mo rò pé ọ̀rọ̀ yìí ti jinlẹ̀ jù. Ta ló máa rò ó pé Júù máa kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Jámánì? Ní 1990, ìjọba tó gbẹ̀yìn ní Ìlà Oòrùn Jámánì ṣí ilẹ̀kùn fún wọn. Ní 1991 Jámánì tó ti di ọ̀kan tẹ̀ lé e, ó ń gbà wọ́n gẹ́gẹ́ bí ogúnléndé. Ó lé ní 200,000 èèyàn tó wọlé, àti Júù àti ẹbí wọn, kí wọ́n tó mú òfin náà le ní 2005. Ìjọ Júù tó wà níbẹ̀ ṣáájú kò ju nǹkan bí 30,000 lọ. Àlejò bo onílé mọ́lẹ̀. Ìjọba ń gba ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Júù, ìjọ Júù ń béèrè ìyá, bíi ti Ísírẹ́lì. Ẹlòmíràn wọ Jámánì nítorí pé Júù ni, kò sì lè wọ sínágọ́gù nítorí pé kì í ṣe Júù.

Ẹ tún wo aládùúgbò méjì tó jọ gbé ilé alájà kan ní Kazakhstan nígbà tó ṣì wà lára Soviet. "Júù" wà nínú ìwé ọ̀kan, "ará Jámánì" wà nínú ìwé èkejì, torí àwọn baba ńlá tirẹ̀ ti Jámánì lọ sí Rọ́ṣíà ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Àwọn méjèèjì dé Jámánì. Èkejì di ọmọ ilẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọ́n sì ka ọdún tó fi ṣiṣẹ́ ní Soviet mọ́ owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Wọn kò ka ti Júù. Ó fi ogójì ọdún ṣe ẹnjiníà, owó ìrànwọ́ aláìní ló ń gbà lọ́jọ́ ogbó. Bẹ́ẹ̀, ará Rọ́ṣíà ni àwọn ará àdúgbò tuntun ń pe àwọn méjèèjì.

Nǹkan bí 500,000 Júù ló jà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Soviet nígbà ogun Hitler. Àwọn tó kù láàyè dé Jámánì pẹ̀lú mẹ́dàlì wọn. Ọjọ́ 9 oṣù May, ọjọ́ tí Soviet fi ń ṣàjọyọ̀ ìṣẹ́gun, wọ́n á wọ kóòtù, mẹ́dàlì á kún àyà wọn títí dé ìgbáròkó, wọ́n á gbé òdòdó dání. Ìjọ Júù tó gbà wọ́n lálejò kò mọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí wọn. Ọ̀fọ̀ ni ìjọ yẹn máa ń ṣe; ìrántí rẹ̀, ti àwọn tí wọ́n pa ni. Bàbá arúgbó tó wọlé yìí, kò ní kí ẹnikẹ́ni bá òun kẹ́dùn. Ó ní: àwa la ṣẹ́gun. Òun náà ní òkú tirẹ̀, ìyá rẹ̀ lè wà nínú kòtò Babi Yar ní Kyiv, níbi tí wọ́n ti yìnbọn pa Júù tó lé ní 33,000 láàárín ọjọ́ méjì ní September 1941. Síbẹ̀, bó ṣe fẹ́ kí ìlú tó ń gbé mọ òun nìyẹn: jagunjagun tó wọ Berlin. Bí mo bá fẹ́ sọ fún ọmọdé kan ohun tí Júù Soviet jẹ́, n kò ní mú un lọ síbi ìwé ìdánimọ̀, àyà bàbá yẹn ni màá fi hàn án. Ísírẹ́lì fi òfin sọ ọjọ́ náà di ọjọ́ ìṣẹ́gun ní 2017. Ọ̀pọ̀ lára wọn ti kú nígbà náà.

Ẹnì kan máa bi mí pé ṣé àwa náà kò mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni. A mọ̀ ọ́n. Àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bàhíà ní Brazil, Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, èèyàn Áfíríkà. Àwọn tó rí ọ̀nà padà sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, a ò pè wọ́n ní Nàgó. Àgùdà la pè wọ́n, a sì ń pe àdúgbò wọn ní Pópó Àgùdà. Wọ́n wálé, ilé ní àlejò ni wọ́n.

Brighton Beach ní Brooklyn ni ẹ óò ti rí i ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀bá òkun ni, ọkọ̀ ojú irin ń sáré lórí afárá irin lókè títì, lẹ́tà Rọ́ṣíà wà lára pátákó ìsọ̀. Àwọn Júù Amẹ́ríkà tó fi ọdún púpọ̀ wọ́de nítorí wọn retí pé wọ́n máa kún sínágọ́gù. Ilé àríyá ni ọ̀pọ̀ wọn kún. Àwọn kan bínú sí wọn. Èmi ò rí ẹ̀bi wọn. Wọn kò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni. Ará Odesa ni ọ̀pọ̀ wọn níbẹ̀, wọ́n sì gba orúkọ "ará Rọ́ṣíà" bẹ́ẹ̀ fún ogójì ọdún, ó rọrùn ju àlàyé lọ. Ó di February 2022, bọ́ǹbù Rọ́ṣíà ń já lu Yukréènì, orúkọ tó rọrùn wá di ẹ̀gún lọ́nà ọ̀fun. Ilé ìtajà oúnjẹ kan níbẹ̀ yọ orúkọ Rọ́ṣíà kúrò lára pátákó rẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ìyá arúgbó tí wọ́n bí ní Kharkiv, tí kò gbọ́ èdè Yukréènì ju díẹ̀ lọ, ló ń sọ báyìí lédè Rọ́ṣíà pé òun kì í ṣe ará Rọ́ṣíà.

Itẹ́ òkú kan wà ní Brooklyn náà tí wọ́n ń pè ní Washington. Àwọn Júù àtijọ́ tó sùn síbẹ̀, lẹ́tà Hébérù ló wà lára òkúta wọn, torí àṣà wọn kò fẹ́ àwòrán ojú lórí ibojì. Láàárín wọn ni ẹ óò ti rí òkúta dúdú dídán ti àwọn tó dé lẹ́yìn. Wọ́n fín ojú olóògbé sára rẹ̀ ketekete, ọkùnrin pẹ̀lú táì lọ́rùn, obìnrin tó ṣe irun rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀ ní lẹ́tà Rọ́ṣíà, wọ́n tún kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ìràwọ̀ Dáfídì sì wà lókè. Àṣà Júù ni kéèyàn fi òkúta wẹ́wẹ́ sórí ibojì tó bá lọ kí. Òdòdó ni wọ́n ń gbé lọ ní Odesa. Lórí àwọn òkúta dúdú yẹn, ẹ óò bá òkúta wẹ́wẹ́ lókè, òdòdó á sì wà nísàlẹ̀.